Bí a ṣe ń yẹ quarterback yunifásítì wò kí a tó sọ pé yóò ṣe é ní NFL

Ní oṣù Kẹrin ọdọọdún, ikọ̀ 32 tó wà ní NFL, líìgì bọ́ọ̀lù àfọwọ́jù ilẹ̀ Amẹ́ríkà (American football), máa ń ṣe draft, níbi tí wọ́n ti ń mú àwọn ọ̀dọ́ agbábọ́ọ̀lù tó ń ti yunifásítì bọ̀ ní ìpele méje. Ikọ̀ tó fìdí rẹmi jù ní sáà tó kọjá ló máa ń kọ́kọ́ mú. Ipò quarterback, ẹni tó ń ju bọ́ọ̀lù fún ikọ̀ rẹ̀, ni wọ́n máa ń ṣìṣe lé lórí jù. Ní 1998, Indianapolis mú Peyton Manning láti Tennessee ní ipò kìíní, San Diego mú Ryan Leaf láti Washington State ní ipò kejì, àwọn tó mọ iṣẹ́ yìí dunjú sì ń jiyàn lórí ẹni tó dáa jù nínú àwọn méjèèjì. Manning di àgbà ọ̀jẹ̀. Eré 25 péré ni Leaf rí ṣe ní NFL. Ní 2000, ènìyàn 198 ni wọ́n pè kí wọ́n tó pe Tom Brady láti Michigan, ẹni tó padà gba Super Bowl, ife-ẹ̀yẹ NFL, nígbà méje.

Ohun tó ń fa àṣìṣe náà kò fara sin. Quarterback kì í dá ṣiṣẹ́. Kóòṣì ló ń yan ohun tí wọ́n máa ṣe, géńdé márùn-ún ló ń dá àwọn ọ̀tá dúró níwájú rẹ̀, receiver, ẹni tó ń gba bọ́ọ̀lù tó bá jù, ló ń sá kúrò lọ́dọ̀ ẹni tó ń ṣọ́ ọ. Iṣẹ́ gbogbo wọn ló di nọ́ńbà tí a ń rí nínú ìwé, ṣùgbọ́n orúkọ ẹnì kan ṣoṣo ni wọ́n kọ ọ́ sí. Nítorí náà, ohun tí ẹni tó ń yẹ̀ ẹ́ wò gbọ́dọ̀ ṣe ni kí ó ya ohun tí ọmọ náà fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe sọ́tọ̀ kúrò lára ohun tí àwọn mìíràn ṣe fún un. Ibẹ̀ ni gbogbo ìgbésẹ̀ tó wà nísàlẹ̀ yìí ń lọ.

Ìgbésẹ̀ 1: Kó eré tó yẹ jọ

Eré mẹ́jọ ló kéré jù: mẹ́fà láti sáà tó lò kẹ́yìn, méjì láti sáà tó ṣáájú rẹ̀, kí o lè rí i bóyá ó ń tẹ̀síwájú. Nínú mẹ́fà yẹn, wá méjì tó ti kojú àwọn tó mọ̀ ọ́n dènà jù nínú líìgì wọn, ọ̀kan tí wọ́n ti nà án, ọ̀kan tó ṣe nílé onílé nínú òjò tàbí afẹ́fẹ́ líle, ọ̀kan tí ikọ̀ rẹ̀ ti wà lẹ́yìn pẹ̀lú àmì 10 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kí ìdajì àkọ́kọ́ tó parí, àti ọ̀kan tí kò sí ohun àrà kankan nínú rẹ̀. Má ṣe lo fídíò tí wọ́n ti gé àwọn ibi tó dùn jù pọ̀ mọ́ra. Gbogbo quarterback tí orúkọ rẹ̀ ti dé etí ènìyàn ló ní ogún bọ́ọ̀lù tó rẹwà.

Bí ọ̀nà bá wà, wá fídíò tí wọ́n ń pè ní All-22, èyí tí kámẹ́rà rẹ̀ wà lókè tó fi ń kó gbogbo agbábọ́ọ̀lù 22 sójú kan. Kámẹ́rà tẹlifíṣọ̀n máa ń sún mọ́ quarterback débi pé a kì í rí àwọn safety, ìyẹn àwọn adènà tó dúró lẹ́yìn pátápátá, bẹ́ẹ̀ àwọn gan-an ni quarterback gbọ́dọ̀ máa kà. Bó bá jẹ́ ti tẹlifíṣọ̀n nìkan lo rí, fi àlàfo sílẹ̀ níbi tí o kò bá ti rí ohun tó ṣẹlẹ̀. Má méfò.

Ka iye eré tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú. Ní 2017, Chicago fi nǹkan gidi sílẹ̀ kí wọ́n lè gòkè láti ipò kẹta sí ipò kejì láti mú Mitchell Trubisky, ẹni tó jẹ́ pé eré 13 péré ló bẹ̀rẹ̀ ní North Carolina. Patrick Mahomes wà nínú draft kan náà. Ipò 10 ni wọ́n ti mú un. Kì í ṣe pé eré díẹ̀ ń ba ọmọ jẹ́. Sáà kan ṣoṣo ni Cam Newton lò ní Auburn, wọ́n mú un ní ipò kìíní ní 2011, ó sì gba MVP, àmì ẹ̀yẹ agbábọ́ọ̀lù tó dáa jù, fún sáà 2015. Ohun tí eré díẹ̀ ń ṣe ni pé kì í jẹ́ kí ìwọ tó ń wò rí àṣìṣe rẹ̀ tó, kì í sì í jẹ́ kí o rí bó ṣe ń ṣe nígbà tí àwọn ọ̀tá bá ti kọ́ ìṣe rẹ̀ tán. Bí eré tó bẹ̀rẹ̀ kò bá tó 20, kọ ọ́ sókè ìwé rẹ pé ìdájọ́ yìí lè yẹ̀.

Ìgbésẹ̀ 2: La ìwé, kí o sì wo bọ́ọ̀lù kọ̀ọ̀kan lẹ́ẹ̀mẹta

Ní ìgbà àkọ́kọ́, àwọn tó ń dènà ni kí o wò: safety mélòó ló wà lẹ́yìn kí bọ́ọ̀lù tó kúrò nílẹ̀, mélòó ló kù níbẹ̀ lẹ́yìn tó kúrò, ènìyàn mélòó ló ń sáré bọ̀. Ní ìgbà kejì, ojú àti ẹsẹ̀ quarterback nìkan. Ní ìgbà kẹta, bọ́ọ̀lù àti ibi tó bà. Ẹni tó bá wo gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, bọ́ọ̀lù ni ojú rẹ̀ yóò máa tẹ̀lé, kò sì ní rí ìdí tí bọ́ọ̀lù fi lọ síbẹ̀.

Àwọn òpó tí ìwé rẹ gbọ́dọ̀ ní nìyí:

– ìgbìyànjú kelòó (mẹ́rin ni ikọ̀ ní láti fi rìn yáàdì 10), àti yáàdì tó kù
– iye ènìyàn tó sáré bọ̀, àti bóyá wọ́n ká a mọ́
– safety kan tàbí méjì, ṣáájú àti lẹ́yìn
– àkókò, láti ìgbà tí bọ́ọ̀lù kúrò nílẹ̀ títí tó fi kúrò lọ́wọ́ rẹ̀
– yáàdì tí bọ́ọ̀lù rìn nínú afẹ́fẹ́ kọjá ìlà ìbẹ̀rẹ̀ (ibi tí bọ́ọ̀lù ti kúrò nílẹ̀): ẹ̀yìn ìlà, 0 sí 9, 10 sí 19, 20 sókè
– ìpinnu: dáa, tàbí kò dáa
– ibi tí bọ́ọ̀lù bà: 2, 1, tàbí 0
– ohun tó ṣẹlẹ̀

Aago inú fóònù tó fún àkókò. Bọ́ọ̀lù tó kúrò lọ́wọ́ kó tó pé ìṣẹ́jú àáyá 2.5 sábà máa ń jẹ́ èyí tí kóòṣì ti yanjú sílẹ̀. Èyí tó bá kọjá 3, ohun kan ṣẹlẹ̀: yálà kò sẹ́ni tó dá wà, tàbí ẹnì kan dá wà tí kò sì rí i. Padà lọ wò ó kí o mọ èwo ni.

Òpó ìpinnu àti òpó ohun tó ṣẹlẹ̀ kò gbọdọ̀ pàdé. Bọ́ọ̀lù tó kan receiver láyà tó sì ta sọ́wọ́ ọ̀tá, nínú ìwé àjọ ẹ̀bi quarterback ni. Nínú ìwé tìrẹ, ìpinnu tó dáa ni. Bọ́ọ̀lù tó jù sáàárín ènìyàn mẹ́ta tí ọ̀tá sì sọ nù lọ́wọ́, àjọ kò kọ nǹkan kan sí i, ṣùgbọ́n ìwọ gbọ́dọ̀ kọ ọ́ pé kò dáa. Ní ìparí eré mẹ́jọ, iye irú bọ́ọ̀lù kejì yìí ni yóò sọ fún ọ bí ọ̀tá ṣe máa já bọ́ọ̀lù gbà mọ́ ọn lọ́wọ́ tó nígbà tí ọwọ́ àwọn tó ń dènà bá le sí i.

Ìgbésẹ̀ 3: Yọ ìrànlọ́wọ́ kúrò

Kọ́kọ́ yọ gbogbo bọ́ọ̀lù tó jù sẹ́yìn ìlà ìbẹ̀rẹ̀, kí o sì tún ìṣirò ṣe. Ká ní ọmọ kan ju bọ́ọ̀lù 400, tí 272 nínú wọn sì dé ọwọ́ receiver: 68 nínú ọgọ́rùn-ún, tó wu ojú. Ká ní 100 nínú wọn jẹ́ ti ẹ̀yìn ìlà, tí 94 sì wọlé. Bọ́ọ̀lù 300 ló kù, 178 ló wọlé, ó di 59.3. Bí àlàfo yìí bá tóbi, kò túmọ̀ sí pé ọmọ náà kò mọ̀ ọ́n jù. Ó túmọ̀ sí pé 68 yẹn kò sọ nǹkan kan nípa rẹ̀ fún ọ.

Lẹ́yìn náà, wá àwọn eré tí òfin yunifásítì ló mú wọn rọrùn. Nínú RPO, quarterback lè fi bọ́ọ̀lù lé ẹni tó ń sáré lọ́wọ́ tàbí kó jù ú. Ní yunifásítì, àwọn géńdé iwájú lè rìn dé yáàdì 3 kọjá ìlà kí bọ́ọ̀lù tó kúrò lọ́wọ́. Ní NFL, yáàdì 1 péré. Yáàdì méjì yẹn ló ń tan àwọn adènà àárín jẹ kí wọ́n sáré síwájú, tí ẹ̀yìn wọn á sì ṣí sílẹ̀. Ọmọ tí ìdá kan nínú mẹ́ta iṣẹ́ rẹ̀ bá jẹ́ RPO yóò pàdé ayé mìíràn.

Wo àmì hash náà, àwọn ìlà kéékèèké tó sọ ibi tí eré ti ń bẹ̀rẹ̀. Fífẹ̀ pápá jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 160 níbi méjèèjì, ṣùgbọ́n hash yunifásítì jìnnà síra ní ẹsẹ̀ bàtà 40, ti NFL jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 18 àti ínṣì 6. Láti hash yunifásítì sí etí pápá tó jìnnà jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 100. Ní NFL ó tó bíi 89. Èyí já sí ohun méjì. Ọmọ tó lè ju bọ́ọ̀lù tó múná láti hash òsì sí etí ọ̀tún ní yunifásítì, kò sí bọ́ọ̀lù tí apá rẹ̀ kò ní lè jù ní NFL. Ṣùgbọ́n apá fífẹ̀ ti yunifásítì yẹn tún ń fún receiver ní pápá gbalasa tí kò ní rí mọ́. Bó bá jẹ́ pé apá fífẹ̀ nìkan lọmọ náà ń jù sí, kọ ọ́ sílẹ̀.

Àwọn tó yí i ká ńkọ́? Ẹni tí Olumuyiwa Fashanu, ọmọ tí orúkọ rẹ̀ kò ṣàjèjì sí wa, ń dáàbò bo apá òsì rẹ̀ ní Penn State kò ní ìdí láti máa wo ẹ̀yìn. Jets mú Fashanu ní ipò 11 ní 2024. Ṣùgbọ́n ìrànlọ́wọ́ kì í ṣe ẹ̀sùn. Joe Burrow ní Ja'Marr Chase àti Justin Jefferson ní LSU ní 2019, àwọn méjèèjì sì di ìràwọ̀ NFL. Bọ́ọ̀lù 60 tí Burrow jù ló di touchdown, ìyẹn bọ́ọ̀lù tó dé òpin pápá ọ̀tá, 76.3 nínú ọgọ́rùn-ún bọ́ọ̀lù rẹ̀ ló sì wọlé, lẹ́yìn tí 57.8 wọlé ní sáà tó ṣáájú. Ohun tó fi hàn pé tirẹ̀ ni iṣẹ́ náà ni àwọn bọ́ọ̀lù tó jù nígbà tí ààbò rẹ̀ ti fọ́. Ibẹ̀ ni ìgbésẹ̀ tó kàn ti bẹ̀rẹ̀.

Ìgbésẹ̀ 4: Wo ohun tó ń ṣe nígbà tí wọ́n bá ká a mọ́

Ibí yìí ni kí o ti pẹ́ jù. Sàmì sí gbogbo ìgbà tí ọ̀tá bá sún mọ́ ọn débi tí ọwọ́ lè kàn án tàbí tí ó ní láti kúrò lójú kan. Lẹ́yìn náà kọ ohun tó ṣe: ó gòkè síwájú, ó yẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó sáré, ó ju bọ́ọ̀lù nù, ó jù ú láìwò, tàbí wọ́n gbé e ṣubú.

Èyí tó dáa jù ni kí ó gòkè síwájú pẹ̀lú ìṣísẹ̀ kúkúrú, ọwọ́ méjèèjì lára bọ́ọ̀lù, ojú rẹ̀ ṣì wà lókè lọ́dọ̀ àwọn receiver. Èyí tó burú jù ni kí ó máa fà sẹ́yìn. Ìdí rẹ̀ ni pé àwọn tó ń sáré bọ̀ láti ẹ̀gbẹ́ máa ń rọ̀ yípo. Géńdé tó dúró sí ẹ̀gbẹ́ yóò tì wọ́n kọjá sẹ́yìn quarterback. Bí quarterback bá dúró síbi tó yẹ, wọ́n á rékọjá rẹ̀. Bó bá fà sẹ́yìn yáàdì méjì tàbí mẹ́ta sí i, òun fúnra rẹ̀ ló lọ pàdé wọn, kò sì sí ohun tí géńdé yẹn lè ṣe mọ́. Nítorí náà, má yára dá àwọn géńdé lẹ́bi.

Ṣírò iye sack, ìyẹn ìgbà tí wọ́n gbé e ṣubú kó tó ju bọ́ọ̀lù, nínú iye ìgbà tí wọ́n ká a mọ́. 18 nínú 120 jẹ́ 15 nínú ọgọ́rùn-ún, ó dáa. 30 nínú 120 jẹ́ 25, ewu ni. Ìwà yìí máa ń bá ọmọ lọ láti yunifásítì dé NFL, torí pé dídi bọ́ọ̀lù mú pẹ́ jẹ́ ìwà tirẹ̀, kì í ṣe ti ikọ̀ rẹ̀. Ìwọ fúnra rẹ ni kí o kà á: ní yunifásítì, yáàdì tí sack bá jẹ ni wọ́n ń yọ kúrò nínú yáàdì tó fi ẹsẹ̀ sá, tó fi jẹ́ pé sack á fara pamọ́, ẹni tó ń sáré dáadáa á sì dà bí ẹni tí kò lè sáré.

Àṣìṣe mìíràn ni kí ó máa sá nígbà tí ẹnikẹ́ni kò lé e. Wo ìdá kẹta àti ìkẹrin àwọn eré tí wọ́n ti gbá a mọ́lẹ̀ dáadáa ní ìbẹ̀rẹ̀. Bí ojú rẹ̀ bá ti ń sọ̀ kalẹ̀ sọ́dọ̀ àwọn tó ń sáré bọ̀ dípò àwọn receiver, ó ti ń gbọ́ ẹsẹ̀ tí kò sí níbẹ̀.

Má fi sísá jẹ ẹnikẹ́ni níyà o. Ẹsẹ̀ Lamar Jackson jẹ́ ohun ìjà gidi. Ipò 32 ni wọ́n mú un ní 2018, ó sì gba MVP fún sáà 2019 àti 2023. Ìbéèrè tó tọ́ ni pé, nígbà tó bọ́, ṣé ó tètè rí ọ̀tá ni, àbí ó kàn yára ju ọmọ tí kò ní dé NFL láéláé? Sísá sẹ́yìn yáàdì 10 kí a tó yípo jáde máa ń ṣiṣẹ́ ní ọjọ́ Sátidé, ọjọ́ tí yunifásítì ń gbá. Ní ọjọ́ Sunday, ọjọ́ NFL, wọ́n á mú un.

Ìgbésẹ̀ 5: Tẹ̀lé ojú rẹ̀

Àṣíborí ló máa sọ fún ọ. Bó bá ń wo receiver kan ṣoṣo láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, safety náà ń wo ohun kan náà. Bó bá kúrò lára ẹni àkọ́kọ́ lọ sọ́dọ̀ ẹnì kejì, ẹsẹ̀ rẹ̀ gbọ́dọ̀ yí pẹ̀lú ojú. Ojú tó yí tí ẹsẹ̀ kò yí máa ń bí bọ́ọ̀lù tó lọ sẹ́yìn receiver.

Ìgbìyànjú kẹta tó ku yáàdì 7 sókè ni ìdánwò tó mọ́ jù, torí pé gbogbo pápá ló mọ̀ pé bọ́ọ̀lù jíjù ló ń bọ̀, ẹ̀tàn sì ti tán. Kó gbogbo wọn jọ sójú ewé kan. Wá àwọn ìgbà tí safety méjì fara hàn ṣáájú, tí ọ̀kan sì sáré wálẹ̀ lẹ́yìn tí bọ́ọ̀lù kúrò nílẹ̀. Ẹni tó rí i yóò dúró díẹ̀ kó tún èrò rẹ̀ ṣe. Ẹni tí kò rí i yóò ju èyí tó ti gbèrò láti inú ilé.

Wo ohun tó ń ṣe kí bọ́ọ̀lù tó kúrò nílẹ̀ pẹ̀lú. Nínú ọ̀pọ̀ ikọ̀ yunifásítì, gbogbo wọn á tò, wọ́n á wá yíjú sí bẹ́ǹṣì, kóòṣì á wo bí ọ̀tá ṣe dúró, á sì yí eré padà fún wọn. Ní NFL, rédíò tó wà nínú àṣíborí quarterback máa ń kú nígbà tí aago tó ń ka àkókò kí bọ́ọ̀lù tó kúrò nílẹ̀ bá ku ìṣẹ́jú àáyá 15. Yunifásítì tó wà ní ìpele òkè náà bẹ̀rẹ̀ sí lo rédíò yìí ní 2024, lábẹ́ òfin ìṣẹ́jú àáyá 15 kan náà. Ọmọ tó ń nàka sí adènà, tó ń sọ fún àwọn géńdé ẹni tí wọ́n máa dì mú, tó sì ń yí eré padà fúnra rẹ̀, ti ń ṣe apá tó nira jù nínú iṣẹ́ tó ń lọ ṣe.

Ìgbésẹ̀ 6: Apá, àti ibi tí bọ́ọ̀lù ń bà

Apá líle ló ń fọ́ àwọn tó ń wò lójú jù. Oakland mú JaMarcus Russell ní ipò kìíní ní 2007 nítorí apá tí irú rẹ̀ ṣọ̀wọ́n. Ní 2010 wọ́n ti jẹ́ kó máa lọ. Apá gbọ́dọ̀ tó, ṣùgbọ́n lẹ́yìn tó bá ti tó, àfikún rẹ̀ kò ra nǹkan púpọ̀.

Fi nọ́ńbà sí ibi tí bọ́ọ̀lù bà. 2 ni èyí tó pàdé receiver níwájú tó sì ń bá ìsáré rẹ̀ lọ. 1 ni èyí tó ṣeé gbà ṣùgbọ́n tó dá a dúró tàbí tó mú un yípadà. 0 ni èyí tí kò ṣeé gbà. Bọ́ọ̀lù yáàdì 6 tó jẹ́ 1 wọlé nínú ìwé, ṣùgbọ́n receiver tí ì bá sáré yáàdì 15 sí i ti ṣubú síbẹ̀.

Nígbà tí bọ́ọ̀lù bá yà, ẹsẹ̀ ni kí o kọ́kọ́ wò. Bọ́ọ̀lù tó ga jù sábà máa ń wá láti ẹsẹ̀ iwájú tó nà jù tàbí ìwúwo ara tó kù sẹ́yìn. Èyí ṣeé tún ṣe. Josh Allen jáde ní Wyoming pẹ̀lú bíi 56 nínú ọgọ́rùn-ún. Buffalo mú un ní ipò 7 ní 2018, bọ́ọ̀lù rẹ̀ tó wọlé jẹ́ 52.8 ní sáà àkọ́kọ́, ó di 58.8, ó wá di 69.2 ní 2020 lẹ́yìn tó ti tún bó ṣe ń ju bọ́ọ̀lù ṣe. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fi Allen ṣe òfin. Ọ̀pọ̀ ọmọ tí bọ́ọ̀lù wọn ń yà ní yunifásítì ṣì ń yà á títí wọ́n fi kúrò.

Ìgbésẹ̀ 7: Ara àti ọjọ́ orí

Má pẹ́ níbí. Níbi àyẹ̀wò tí NFL ń ṣe fún àwọn tó ń lọ sí draft ní Indianapolis, ní ìparí oṣù Kejì, wọ́n máa ń wọn gíga, ọwọ́ láti ṣóńṣó àtàǹpàkò dé ṣóńṣó ọmọńdinrín, àti ìsáré yáàdì 40. Brady sá tirẹ̀ ní ìṣẹ́jú àáyá 5.28. Ọwọ́ Burrow jẹ́ ínṣì 9, ariwo pọ̀ lórí rẹ̀, kò sì dí i lọ́wọ́. Kyler Murray àti Bryce Young ga tó bíi ẹsẹ̀ bàtà 5 àti ínṣì 10 péré, ipò kìíní ni wọ́n mú àwọn méjèèjì. Bí ọmọ bá kúrú, ka bọ́ọ̀lù tí ọwọ́ ọ̀tá gbá wálẹ̀ ní ìlà, kí o sì wò ó bóyá ó ń ju bọ́ọ̀lù sí àárín pápá rárá. Ibẹ̀ ni gíga ti ń dun ènìyàn.

Ọjọ́ orí ṣe pàtàkì ju ọwọ́ lọ. Ọmọ ọdún 24 tó ń na ọmọ ọdún 19 kò tíì fi ohun púpọ̀ hàn. Wo ohun tó ṣe nígbà tí òun náà jẹ́ ọmọ 20.

Ìgbésẹ̀ 8: Ìgbà yìí ni kí o tó ṣí ìwé nọ́ńbà

Èyí tó wúlò jù nínú ìṣirò tó rọrùn ni yáàdì alátùn-únṣe: mú yáàdì gbogbo, fi 20 kún un fún touchdown kọ̀ọ̀kan, yọ 45 fún bọ́ọ̀lù kọ̀ọ̀kan tí ọ̀tá já gbà, kí o fi iye bọ́ọ̀lù tó jù pín in. Yáàdì 3,600, touchdown 30, àjágbà 9, bọ́ọ̀lù 400: 3,600 + 600 − 405 jẹ́ 3,795, pín in, ó di 9.49. Ṣe é fún gbogbo sáà, lẹ́yìn náà fún eré tó kojú àwọn ikọ̀ tó le nìkan. Bó bá já wálẹ̀ ju 2 lọ, padà sí fídíò àwọn eré yẹn.

Má fi passer rating, nọ́ńbà tí wọ́n fi ń díwọ̀n quarterback, ti yunifásítì wé ti NFL. Ìṣirò wọn yàtọ̀: ti NFL dúró ní 158.3, ti yunifásítì lè kọjá 200.

Ìgbésẹ̀ 9: Kọ ìdájọ́ rẹ

Kọ ọ́ kí o tó ka èrò ẹnikẹ́ni. Gbólóhùn mẹ́ta tó: ohun tó lè ṣe ní ọ̀la láìkọ́ ọ, ohun tí wọ́n gbọ́dọ̀ kọ́ ọ, àti ohun tó máa fọ́ ọ bí wọn kò bá tún un ṣe. Fi irú ikọ̀ tó bá a mu kún un. Mahomes jókòó sẹ́yìn Alex Smith ní Kansas City ní 2017, eré kan ṣoṣo ló bẹ̀rẹ̀ ní sáà yẹn. Ọmọ tí ẹsẹ̀ rẹ̀ nílò àtúnṣe nílò irú àyè bẹ́ẹ̀. Bí wọ́n bá sọ ọ́ sẹ́yìn àwọn géńdé tí kò lè dáàbò bò ó ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, àṣà burúkú ìgbésẹ̀ kẹrin ni yóò kọ́. Ikọ̀ pàápàá kò ní àkókò púpọ̀: láti 2011, àdéhùn ẹni tí wọ́n mú ní ìpele kìíní jẹ́ ọdún mẹ́rin, pẹ̀lú ọdún karùn-ún tí ikọ̀ lè yàn láti fi kún un.

Kọ déètì sára ìwé náà, tọ́jú rẹ̀ pẹ̀lú gbogbo òpó rẹ̀. Lẹ́yìn sáà mẹ́ta, ṣí i pẹ̀lú ti àwọn yòókù tó wà nínú draft kan náà, kí o wo òpó tí ó ti sọ òótọ́ àti èyí tó ṣì ọ́ lọ́nà, kí o sì yí ìwọ̀n tí o ń fún ọ̀kọ̀ọ̀kan padà kí draft tó kàn tó dé.